Aṣọ Tí Wọ́n Fi Di Kéèkì

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀: mi ò jalè. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní London yìí, iṣẹ́ tí gbogbo wa ní Peckham ń pè ní kíà, mi ò mú abẹ́rẹ́ kúrò nílé onílé rí. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé mo mọ ẹnu ayé. Tí wọ́n bá gbọ́ pé aṣọ kan kúrò nílé ìyá arúgbó kan ní East Dulwich, tí wọ́n sì rí i lórí mi, mo mọ ibi tí wọ́n máa parí ọ̀rọ̀ sí. Ẹ ṣáà fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó dájọ́.

Ọmọ Japan ni ìyá náà. Òyìnbó kan ló gbé wọn níyàwó wá síbí nígbà èwe wọn. Ọkọ ti kú tipẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti padà lọ ń gbé ní Japan. Àwọn nìkan ló kù nínú ilé tó wà lẹ́yìn Lordship Lane, ilé tó mọ́ tónítóní débi pé ẹsẹ̀ èèyàn á máa ṣọ́ra fún ara ẹ̀. Bàtà ló kọ́kọ́ mú wa rẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ wa rán mi lọ, wọ́n ti fẹ́ sọ fún mi pé kí n bọ́ bàtà, wọ́n wá rí i pé mo ti bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ẹ má ṣèyọnu, Màmá, ilé tá a ti ń kírun nilé tiwa náà, bàtà kì í wọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń pè wọ́n ní Màmá nìyẹn. Tí mo bá délé, tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn fún màmá tó bí mi, Ìyá Japan là ń pè wọ́n.

Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi lọ́dún náà. Wọ́n wá láti Abẹ́òkúta pé àwọn fẹ́ wo ojú mi, wọ́n sì lo gbogbo ìgbà òtútù nínú fúláàtì mi ní Peckham, tí wọ́n ń bá híta ṣọ̀rẹ́, tí wọ́n ń bú òtútù London bí ẹni pé èmi ni mo rán an sí wọn.

Ìyá Japan kì í fún èèyàn ní nǹkan lásán. Bó ṣe ọsàn kan ni, wọ́n á dì í. Ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n nígbà yẹn, ife tíì gan-an, èmi ni mo ń bá wọn dì í mú, ṣùgbọ́n tó bá dọ̀rọ̀ ká di nǹkan, ọwọ́ náà á rọlẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ìwé sórí tábìlì níbùú, wọ́n á gbé páálí lé e ní gẹ́gẹ́rẹ́, wọ́n á wá máa yí páálí náà lọ, ìwé á máa tẹ̀ lé e, igun kan á wọnú èkejì, títí á fi parí. Sẹ́lótéèpù bíńtín, ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á gbé e sáàárín aṣọ onígun mẹ́rin kan tí wọ́n ń pè ní fùróṣíkì, wọ́n á ta á ní kókó lókè. Tó bá wá tó àsìkò tí wọ́n máa fún èèyàn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n á tú aṣọ náà, wọ́n á ká a síbi kan, wọ́n á wá fi ọwọ́ méjèèjì ti páálí sọ́dọ̀ ẹ, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á ní, kò jẹ́ nǹkan kan o, kò tiẹ̀ wúlò. Mo máa ń sọ nínú ara mi pé tí kò bá wúlò, kí lẹ wá ń fi gbogbo àárọ̀ dì í sí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ní nǹkan, bísíkíìtì ni. Mo ṣe bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo fa ìwé náà ya fàà, mo pariwo ayọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà: ọwọ́ yín ò ní í gbẹ, ẹ ó rí ẹni tọ́jú yín. Àdúrà ò tíì tán tí ẹ̀rín fi kú lẹ́nu wọn. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n ń ṣa ìwé tí mo ya ní ẹyọ-ẹyọ, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi lọ. Inú bí mi. Nínú bọ́ọ̀sì, mo ń dá sọ̀rọ̀ débi pé ẹni tó jókòó tì mí dìde. Mo dúpẹ́, ó dẹ̀ṣẹ̀. Ká ní mi ò dúpẹ́ ńkọ́?

Àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ò jẹ́ kéèyàn bínú tán. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kí n tó bọ́ kóòtù, mo ti kúnlẹ̀, mo ní, Màmá, ẹ ṣé àná o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, mo ní mo dúpẹ́ oore àná. Wọ́n gbé ife sílẹ̀. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n wá fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti dé London, kò sẹ́ni tó dúpẹ́ àná lọ́wọ́ àwọn rí. Wọ́n ní òyìnbó á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ti parí nìyẹn, ṣùgbọ́n nílùú àwọn, ẹni tó bá mọ ìwà hù á tún padà dúpẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá tún ríra. Mo ní tiwa náà nìyẹn. Mo túmọ̀ òwe wa fún wọn, pé ẹni tá a ṣe lóore tí ò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ló rí. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Wọ́n ní báwo la ṣe ń sọ ti àná yẹn lédè tiwa, mo sọ ọ́, wọ́n ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi títí ahọ́n wọn fi gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá din ẹyin tó dùn mọ́ wọn lónìí, tí mo bá kan ilẹ̀kùn lọ́la, ohun tí màá kọ́kọ́ gbọ́ láti inú ilé ni, "Ẹ ṣé àná!" Ọmọ wọn ni mo jẹ́ lọ́jọ́ orí, ẹ ni wọ́n sì fi ń kí mi. Mi ò tún un ṣe, ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ṣàlàyé ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn kì í tú ẹ̀bùn lójú ẹni tó fún un. Mo ní kí ló dé. Wọ́n ní tó ò bá fẹ́ràn ẹ̀, ojú ẹ á sọ ọ́. Tójú ẹ ò bá sì sọ ọ́, á jẹ́ pé o purọ́. Kí ló dé téèyàn á fi kó ẹlòmíì sírú wàhálà bẹ́ẹ̀? Gbé e lọ ilé, tú u níkọ̀kọ̀, padà wá dúpẹ́. Mo ní tiwa kọ́ nìyẹn, lọ́dọ̀ tiwa tó ò bá tú u kó o sì pariwo, ẹni tó fún ẹ á ní o fojú tín-ín-rín oore òun. A jọ jiyàn ẹ̀ títí tíì fi tutù. Ibi tá a forí ọ̀rọ̀ tì sí ni pé ìlànà tiwọn la máa tẹ̀ lé nínú ilé wọn. Mo sì sọ fún máníjà wa, kó má di ẹjọ́ lẹ́yìn ọ̀la, ó ní nǹkan jíjẹ kékeré ò burú.

Ààwẹ̀ dé. Ìyá Japan ò ní í mu omi lójú mi nígbà tí mò ń gbààwẹ̀, wọ́n á yíjú sí ògiri. Mo ní ẹ máa mu, Màmá, kò kàn mí, wọn ò gbọ́. Nígbà tó ku ọ̀la ká túnu, wọ́n gbé páálí kéèkì kan fún mi, irú kéèkì pupa rẹ́súrẹ́sú wọn tó máa ń rọ̀ bíi fóòmù, wọ́n ní ọdún mi nìyẹn. Aṣọ tí wọ́n fi dì í lọ́tẹ̀ yìí, mi ò rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí: aláró dúdú kirikiri tó ní òbìrí funfun káàkiri. Òjò ń rọ̀ níta. Mo dúró kí wọ́n tú aṣọ náà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọn ò tú u. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ tòun taṣọ, wọ́n ní, "Òjò ń rọ̀, bọ́ọ̀sì lo sì fẹ́ wọ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá rò? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tú aṣọ tí wọ́n ń mú un sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ ti ọdún yìí, wọn ò mú un sílẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé tọdún yìí yàtọ̀, aṣọ wà nínú ẹ̀.

Bí mo ṣe gbé e délé, màmá mi ò tiẹ̀ wo kéèkì. Aró ni wọ́n fi gbogbo èwe wọn rẹ ní Abẹ́òkúta, kí eékún tó dá wọn dúró. Wọ́n fa aṣọ náà jáde lábẹ́ páálí, wọ́n gbé e sídìí fèrèsé, wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní aró gidi rèé, kì í ṣe kẹ́míkà. Wọ́n fi èékánná tọ ipa òbìrí funfun yẹn, wọ́n ní ẹ ò rí i, wọ́n so ó ni, àdìrẹ oníko ni, ta ló kọ́ àwọn ará Japan ní iṣẹ́ wa? Inú wọn dùn, wọn ò lè jókòó. Mo ní Màmá, ẹ wá jẹ kéèkì. Wọ́n ní, "Kéèkì wo? Kéèkì yìí, ènì ni. Aṣọ ni ìyá yẹn fún ẹ."

Mo wọ kíṣìnnì lọ gé kéèkì. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí mi la aṣọ náà sí méjì gbọọrọ láti àárín. Wọ́n ní ìlàjì tèmi, ìlàjì tàwọn, kí àwọn náà lè pín nínú oore náà kí àwọn sì máa ṣàdúrà fún ẹni tó ṣe é. Mi ò ní í purọ́ fún yín, inú mi ò bà jẹ́. Inú mi dùn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣẹ́ etí méjèèjì. Mo fi tèmi wé orí lọ kírun ọdún, gbogbo àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ń bi mí pé níbo ni mo ti rí i.

Ọjọ́ tí mo padà síṣẹ́, aṣọ yẹn ni mo wé lọ. Ní ìwà tiwa, tí ẹnì kan bá fún ẹ láṣọ, ọpẹ́ tó ga jù ni pé kó rí i lára ẹ. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo tẹ orí síwájú kí wọ́n lè rí i dáadáa. Mo ní ẹ ṣé àná o, Màmá. Ọwọ́ wọn wá sókè, ó kan etí aṣọ náà níbi tí màmá mi ti ṣẹ́ ẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ó yẹ ẹ́." Wọ́n yíjú padà sí kẹ́tùlù.

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò fi aṣọ di nǹkan fún mi mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ fún mi ní ọsàn, inú ọ̀rá súpámákẹ́ẹ̀tì ló ń wà. Ó wá yé mi lódì. Mo ní á à, a ti di ẹbí, kò sí ayẹyẹ láàárín wa mọ́. Mo tiẹ̀ fi yangàn lójú màmá mi. Àmọ́ Ìyá Japan á máa bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó kàn ń sọ ọ́, pé páálí ọjọ́ yẹn, ṣé kò wúwo jù? Ṣé òjò ò wọ̀ ọ́? Mo máa ń dáhùn pé rárá o, Màmá, ẹ̀kán kan ò kàn án. Wọ́n á mi orí. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń jẹ́ kí wọ́n máa tún ìbéèrè kan náà bi mí.

Màmá mi padà sí Abẹ́òkúta tòun ti ìlàjì aṣọ wọn. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já, Ìyá Japan ṣubú nínú balùwẹ̀. Eegun ò kán, ṣùgbọ́n ọmọ wọn fò wá láti Japan, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ń mú ìyá òun lọ sílé. Ẹgbẹ́ mi lobìnrin náà, ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Páálí kún ilé. Ó pè mí sí kíṣìnnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ìyá ẹ̀ ń sùn, ó ní òun ń wá aṣọ aláró kan, òun ò rí i. Ó ní ìyá òun sọ pé ó wà lọ́wọ́ mi, pé àwọn fi di kéèkì fún mi nígbà ọdún, pé mi ò tíì dá a padà.

Mo ní, "Kí n dá kí ni padà?"

Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹní ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé. Ó ní aṣọ tí wọ́n fi di nǹkan, kì í ṣe ara nǹkan náà. Tí wọ́n bá wà nínú ilé, ẹni tó fún èèyàn á tú u mú sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé onítọ̀hún fẹ́ gbé e rìn jìnnà, tàbí òjò ń rọ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ lára ẹ̀, kó lè rí nǹkan gbé e, tó bá wá ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíì á mú un dání. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹ̀, ìtìjú ni kéèyàn béèrè. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ló fi aṣọ yẹn di ẹrù fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò nílé bọ̀ ní London, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì sọ pé àwọn fẹ́ gbé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú tó máa gbé wọn padà sílé nìyẹn. Ohun tó gbé àwọn jáde ni káwọn fi wọlé. Ó wá ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà, pé tí kò bá sí mọ́, á dáa kí òun mọ̀, nítorí òun máa ní láti sọ fún iléeṣẹ́ wa.

Inú bí mi. Mo ní a máa mú aṣọ yín wá, mo wọ bàtà mi, mo jáde. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn lọ, ìbínú náà kúrò lára ẹ̀, ó yí sára mi. Àwo ni. Ohun tó ń sọ gan-an nìyẹn, àwo ni aṣọ náà. Àwa tí a kì í mú abọ́ aládùúgbò sílé sùn! Tí wọ́n bá fi abọ́ gbé ọbẹ̀ wá fún màmá mi ní Abẹ́òkúta, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọn ò sì ní í dá a padà lófìfo, wọ́n á wá ìwọ̀nba ẹ̀wà tàbí iyọ̀ fi sínú ẹ̀. Abọ́ la mọ̀. Ta ló mọ̀ pé aṣọ náà ń padà sílé? Ìyá arúgbó yẹn ti jókòó láti ìgbà ààwẹ̀, wọ́n ń retí àwo wọn, mo sì wé e lórí wá sílé wọn, mo ní kí wọ́n wò ó bó ṣe yẹ mí.

Kò jọ mí lójú bí iṣẹ́ bá bọ́. Iṣẹ́ kíà pọ̀. Ohun tí mi ò lè gbà ni kí Ìyá Japan kúrò ní ìlú yìí kí wọ́n máa rántí mi bí ọlọ́ṣà inú òwe yẹn.

Mo pe màmá mi lórí fóònù. Ọlọ́run má bínú sí mi, mo pariwo lé wọn lórí. Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ gé e? Ta ló fún yín ní àlùmọ́gàjí? Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìyá yẹn rí i lórí ẹ?" Mo ní wọ́n rí i. Wọ́n ní, "Wọn ò sì sọ nǹkan kan?" Mo ní wọ́n ní ó yẹ mí. Màmá mi mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Àgbà nìyẹn. Wọ́n rí i, wọ́n fẹnu bò ó." Wọ́n sọ fún mi pé Kùránì àwọn làwọn fi ìlàjì tọwọ́ àwọn wé, pé àwọn máa tú u lónìí. Ọpẹ́ ni pé obìnrin kan ní àdúgbò wọn fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú bọ̀ ní London láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n fi rán an sí mi. Nígbà tí mo lọ gbà á lọ́wọ́ obìnrin náà, aṣọ kan tún wà lábẹ́ ẹ̀: àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí màmá mi fọwọ́ ara wọn rẹ nígbà tí orúnkún wọn ṣì le, èyí tí wọ́n ti ń sọ láti kékeré mi pé àwọn ò ní í tà. Wọ́n ní kí n má dá aṣọ olóore padà lófìfo.

Mo gbé ìlàjì méjèèjì lọ bá télọ̀ kan ní Rye Lane. Ó tẹ́ wọn lé orí tábìlì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó gbé gíláàsì sójú. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe é kójú má rí i. Ó ní, "Aunty, mo lè rán an pọ̀. Mi ò lè ṣe é bí ẹni pé wọn ò gé e." Etí tí màmá mi ṣẹ́ ti jẹ aṣọ lọ lápá méjèèjì, òbìrí tó wà láàárín ò lè pàdé mọ́. Ó fi òwú aláró rán an, ó lọ̀ ọ́, iṣẹ́ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí mo yíjú sí tí ojú rírán yẹn ò wò mí. Téèyàn bá fọwọ́ tọ ọ́ nínú òkùnkùn, á mọ̀ ọ́n.

Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, mo gbé àdìrẹ màmá mi sáàárín ẹ̀, mo ń gbìyànjú láti rántí bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ. Igun kan wọlé, òdìkejì bò ó, méjì tó kù pàdé lókè. Kókó àkọ́kọ́ wọ́, mo tú u, mo tún un ta. Ojú rírán ni mo ń fẹ́ kó bọ́ sí ìsàlẹ̀, kó má jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Ìgbà tí mo rí ara mi tí mò ń fi í pa mọ́ bẹ́ẹ̀, mo sunkún.

Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n ń lọ. Wọ́n jókòó sínú àga kan ṣoṣo tó kù ní pálọ̀, kóòtù wọn ti wà lára wọn bí ẹni pé mọ́tò ti dé. Ọmọ wọn dúró tì wọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú wọn, mo tẹrí ba. Mo ní kò jẹ́ nǹkan kan, Màmá, kò tiẹ̀ wúlò.

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, wọ́n gbé e lé itan. Ọmọ wọn nawọ́ sí kókó náà láti tú u. Ìyá Japan gbé ọwọ́ wọn tó ń gbọ̀n lé orí kókó, ọwọ́ náà sì rọlẹ̀. Wọ́n ní, "Rárá. Ẹni tó gbé e wá ṣì wà níbí."

Ó yẹ kí ara tù mí. Ara ò tù mí rárá. Àwíjàre ti wà lẹ́nu mi láti Peckham, mo ti tò ó pé màmá mi ni, àìmọ̀ ni, lọ́dọ̀ tiwa aṣọ ni ẹ̀bùn. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa aṣọ yìí." Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní mo bá àwọn gbé e dáadáa. Ọmọ wọn ń wo ilẹ̀. Mo wá rí i pé tí mo bá sọ ọ́, èmi ni mo tú ẹ̀bùn lójú ẹni tó ni ín, ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kéèyàn má ṣe nìyẹn. Mo pa ẹnu mi dé. Ó ń dùn mí níkùn títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo dìde, mo kí wọn, mo ṣàdúrà ìrìn-àjò, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wọ bàtà mi. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn tí mo gbọ́ ohùn wọn láti pálọ̀.

"Ẹ ṣé àná."

Mo rò pé ó ṣì wọ́n sọ ni. Mo ti fẹ́ dá wọn lóhùn pé Màmá, ọ̀la lẹ máa sọ ìyẹn, òní kọ́. Ẹnu mi ti là, kó tó yé mi pé kò sí ọ̀la láàárín wa. Ọpẹ́ ọ̀la ni wọ́n ṣe lónìí, kí wọ́n má baà jẹ gbèsè ẹ̀. Mo fa ilẹ̀kùn dé. Ní ibùdókọ̀ Lordship Lane, mo sunkún débi pé ìyá òyìnbó kan gbé tíṣù fún mi, mo sì jẹ́ kí bọ́ọ̀sì mi kọjá lọ.

Iléeṣẹ́ wa ò pè mí. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ mi sùn. Àwọn tọkọtaya kan ló ń gbé ilé náà báyìí, tí mo bá ń kọjá lọ síṣẹ́ ní òpópónà kejì, mo máa ń rí bàtà wọn láti ojú fèrèsé, wọ́n ń wọ̀ ọ́ rìn nínú pálọ̀. Tí màmá mi bá pè láti Abẹ́òkúta, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè ni pé ṣé ìyá yẹn ti pè, ṣé wọ́n gba àdìrẹ àwọn, kí ni wọ́n sọ. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé wọ́n dúpẹ́. Òótọ́ ni, wọ́n dúpẹ́. Àmọ́ kí wọ́n tó tú u ni wọ́n dúpẹ́, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n tú u.